Ọba Kò So: Ṣé Ká Gé E Kúrú fún Àwọn Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ wa ní Stockwell níbí, ó sì tó ká gbé e síta.

Àwọn ọmọ wa fẹ́ ṣe eré Ọba Kò So níbi àríyá ìparí ọdún. Inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ wọ́n ní ká gé e kù sí ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Ni àwọn àgbà kan bá fárígá. Wọ́n ní èèwọ̀, ta ló ń gé eré Ṣàngó kúrú? Ẹ má bínú sí wọn. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àwa tí a gbọ́ eré yìí lórí rédíò nílé, bí bàtá bá ti dún báyìí, ara wa kì í gbélẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ìtàn náà. Ṣàngó jẹ́ ọba Ọ̀yọ́. Ó ní jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, tí agbára wọn ń ba ọba lẹ́rù. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Ó tún rán Gbọ̀nkáà kó lọ mú un wá. Lẹ́yìn náà, ó ní kí àwọn méjèèjì tún jà. Gbọ̀nkáà pa Tìmì. Wọ́n fẹ́ sun Gbọ̀nkáà níná, iná kò jó o. Ló bá ní kí ọba fi ìlú sílẹ̀. Ọya, aya ọba, pẹ̀lú fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọba pokùn so. Àmọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní rárá o, ọba kò so!

Dúró Ládiípọ̀ tó kọ eré náà, ọmọ kátíkíìsì ni. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọnú orin Àjíǹde, àwọn kan nínú ìjọ kò gbà. Ẹ ò rí i pé ìjà lórí àyípadà ti wà kó tó kan Stockwell! Ní 1962 ni wọ́n ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì. Níbẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963, pẹ̀lú bàtá, oríkì àti ọfọ̀. Ní 1964 wọ́n gbé e lọ sí Berlin. Ní 1965 wọ́n gbé e wá sí Britain níbí. Ṣé àwọn òyìnbó tó wò ó gbọ́ Yorùbá ni? Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó. Nígbà tó kú ní 1978, ṣé eré náà bá a wọ ilẹ̀? Rárá. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, tó máa ń ṣe Ọya, ló darí ẹgbẹ́ náà lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ bi wọ́n nípa The Lion King, tó ti wà ní Lyceum láti 1999. Tí a bá wọ tireeni ní Stockwell, tí a yí òmíràn wọ̀ ní Kennington, kò pẹ́ tí a ó fi dé Charing Cross. Owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn márùn-ún, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́! Wọ́n mọ orin Zulu inú rẹ̀ sórí. Ọkùnrin ni Rafiki nínú fíìmù, obìnrin ló ń ṣe é lórí ìtàgé. Ní 2010, wọ́n yọ odindi orin kan kúrò ní New York. Síbẹ̀, The Lion King náà ni.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣirò owó mọ̀ pé a kì í da ojú owó pọ̀ mọ́ èrè. Èèyàn lè ná èrè. Ẹni tó bá ná ojú owó, ìsọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé nìyẹn. Bí eré ṣe gùn tó, èrè ni. Alálàyé, èrè ni. Ṣùgbọ́n oríkì Ṣàngó, bàtá, àti èdè Yorùbá lẹ́nu ọmọ, ojú owó nìyẹn o. Bí ọmọ wa bá mọ Zulu lórin tí kò mọ oríkì ìdílé rẹ̀, kí la ó fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí a bá lọ?

Nítorí náà, àbá wa rèé. Kí wọ́n gé e sí ogójì ìṣẹ́jú. Kí alálàyé sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ láàárín ìran kan sí ìkejì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan oríkì, kí wọ́n sì kì í ní Yorùbá, láìwo ìwé. Kí àwọn àgbà tó fárígá wá máa kọ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé, torí àwọn ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

A ó dìbò níbi ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání o. Àwọn náà ní ẹnu níbẹ̀.