Ìwà Ọ̀gá Ló Ń Sọ Bóyá Òótọ́ Yóò Dé Etí Rẹ̀

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ṣubú, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ṣé owó ló tán ni, àbí ọjà ni kò tà? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi òmíràn kún un: irú ìwà wo ni àwọn tó ń darí ibẹ̀ ń hù síra wọn? Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 2006, Ford pàdánù owó tó ju bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú Alan Mulally wá láti Boeing, tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, kó wá di ọ̀gá àgbà. Ó ní kí àwọn olórí ẹ̀ka máa pàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí kálukú fi àwọ̀ sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó ń lọ dáadáa, yẹ́lò pé ó fẹ́ mẹ́hẹ, pupa pé ìṣòro ti dé.

Nínú àwọn ìpàdé àkọ́kọ́, àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn ń gbé wá. Mulally bi wọ́n pé: nígbà tí a ń pàdánù owó tó báyìí, ṣé kò sí ibì kankan tí nǹkan ò ti lọ déédéé ni? Àwọn èèyàn náà kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tó ti mọ́ wọn lára ni pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ ìṣòro ti fi ọ̀bẹ lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, Mark Fields, tó ń bójú tó ọjà Ford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé pupa wá. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Edge ní àbùkù, ó sì ti dá ọkọ̀ náà dúró. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mulally pàtẹ́wọ́, ó wá bèèrè ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń mú àbá wá. Láìpẹ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yẹ́lò àti pupa wá.

Ìwà nìkan kọ́ ló gba Ford là. Wọ́n ti yá owó tó ju bílíọ̀nù 23 dọ́là lọ kí ọ̀dá owó tó dé, wọ́n sì ta Jaguar àti Land Rover ní 2008. Ní 2009, General Motors àti Chrysler dé kóòtù àwọn onígbèsè, ìjọba ló fi owó dóòlà wọn. Ford kò bá wọn dé ibẹ̀, ó sì jèrè lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ kò bá dé orí tábìlì, ta ni yóò mọ ibi tó yẹ kí owó náà lọ?

Ọ̀gá tó máa ń bínú sódì, ìròyìn dídùn nìkan ni yóò máa gbọ́. Ó lè kó onígboyà, oníṣọ̀ọ́ra àti ẹni tó mọ owó ṣírò jọ, síbẹ̀ bí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà wọ́n, bí ẹni tó ń dá ṣe é ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì tàbí ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ rántí ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ yín mú ìròyìn burúkú wá gbẹ̀yìn. Kí ni ẹ kọ́kọ́ sọ sí i? Ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà ni yóò sọ bóyá yóò tún mú òmíràn wá kí ó tó pẹ́ jù.