Eérú Èèpo Ìrẹsì Nínú Irin: Ṣé Kí Ẹgbẹ́ Yáni Lówó Sí I?

 

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan nínú wa tó ní ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ wá yá owó. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀rọ kan wà tó ń tẹ irin bí ẹni tẹ ìwé, pé bó bá ra ìyẹn, ó bọ́ lọ́wọ́ sípíà rírà. Ariwo pọ̀. A bá ní kí a wádìí rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà wà. Wọn a tẹ́ ìyẹ̀fun irin, kí ó tínrín ju irun orí lọ. Iná léésà a yọ́ ibi tí wọ́n fẹ́. Wọn a tún tẹ́ òmíràn lé e, títí ohun náà yóò fi pé. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà wọ́n, ìyẹ̀fun rẹ̀ wọ́n, kò sì fẹ́ kí iná mànàmáná máa lọ, kí ó máa bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ti rí.

Èyí tó sún mọ́ wa wà ní Àkúrẹ́, ní Yunifásítì FUTA. Ní 2013, Kenneth Alaneme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí àlùmíníọ̀mù tí wọ́n po eérú èèpo ìrẹsì àti àlúmínà mọ́. Wọ́n yọ́ àlùmíníọ̀mù, wọ́n jẹ́ kó tutù díẹ̀ títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, wọ́n da eérú gbígbóná sí i, wọ́n rò ó. Wọ́n tún gbé e padà sórí iná, wọ́n rò ó lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tó dà á. Èyí tó ní àlúmínà nìkan le jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ti eérú fúyẹ́, kò wọ́n, èyí tí eérú rẹ̀ kéré jù kì í sì í tètè sán.

Àwọn tó ń da ìkòkò láàárín wa ti mọ yíyọ́ àti dídà sínú iyanrìn. Ibi tó le ni rírò: bí eérú bá dì jọ síbì kan, ibẹ̀ ni yóò ti dá. Ẹ má sì ṣe dán an wò lára ìkòkò ọbẹ̀ o!

Èrò wa nìyí: kí ẹgbẹ́ má yáni lówó ra ẹ̀rọ tó ń tẹ irin. Kí a yá ìyá wa ní owó sípíà, kí iṣẹ́ rẹ̀ má dúró. Kí a sì rán adàkòkò méjì lọ bi wọ́n léèrè ní Àkúrẹ́. Owó àjọ kì í ṣe owó adánwò. Ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ sọ tiyín.