Ẹ́ńjìnì Tí A Tú Nílé

Kí a má baà ná owó fún mẹkáníìkì ni a ṣe fi ọwọ́ ara wa tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Ìjàpá wa, irú Volkswagen tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975. Ọ̀pá mẹ́rin ni ó so písítìnì mẹ́rin rẹ̀ mọ́ ọ̀pá ńlá tí ń yí. Ẹsẹ̀ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, a sì kọ nọ́ḿbà kan náà sí ìhà méjèèjì. Nínú ìkánjú, àwa kò wo nọ́ḿbà náà. Nígbà tí a tò ó tán, ẹ́ńjìnì kọ̀, kò yí. A tún un tú, a dá olúkúlùkù padà sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀; nígbà náà ni ó tó fọhùn. Ẹ sàmì kí ẹ tó tú: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.