Ta Ló Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Adájọ́?

Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn mọ ọ̀nà ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá gba rìbá, tàbí tó jókòó lé ìdájọ́ lórí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìwà rẹ̀ ni ẹ̀sùn dá lé, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ fún Ètò Ìdájọ́ (NJC) l'Ábújá la sì ń kọ ìwé sí. Olùfisùn gbọ́dọ̀ búra sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì mú un dé láàárín oṣù mẹ́fà. Ìlànà yẹn kò burú. Àwọn tó jókòó láti gbọ́ ẹ̀sùn náà ló ń kọ mí lóminú.

Nínú ìwé òfin 1999, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ni alága Ìgbìmọ̀ yìí, òun ló sì ń yan púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Lọ́yà 5 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní ìgbà tí wọ́n bá ń yan adájọ́ tuntun nìkan ni kí wọ́n bá wọn jókòó. Ẹni 2 péré ni kì í ṣe amòfin, Adájọ́ Àgbà kan náà ló ń yàn wọ́n. Ohun tí èyí lè bí hàn lọ́dún 2011. Ayọ̀ Salami, Ààrẹ ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, fẹ̀sùn kan Adájọ́ Àgbà Katsina-Alu pé ó fẹ́ tọwọ́ bọ ẹjọ́ ìbò Sókótó. Ìgbìmọ̀ tí Katsina-Alu jẹ́ alága rẹ̀ ní kí Salami tọrọ àforíjì. Ó kọ̀, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 2012, Ìgbìmọ̀ kan náà ní kí wọ́n dá a padà, àmọ́ kò padà títí tó fi fẹ̀yìntì.

Àwọn kan á ní bí a bá ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, olóṣèlú ni yóò wọlé. Ẹ̀rù wọn kò ṣẹ̀yìn ohun tójú wọn ti rí: ní January 2019, Ààrẹ Buhari dá Adájọ́ Àgbà Onnoghen dúró láìgba ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe adájọ́ kò di olóṣèlú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń yẹ bí wọ́n ṣe bójú tó ẹ̀sùn adájọ́ wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ti ṣe lọ́yà tàbí adájọ́ rí. Àwa náà lè fi kún ẹni 2 yẹn, kí yíyàn wọn má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Àtúnṣe òfin ni yóò gbà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti ti aṣojú, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Àwọn tí a dìbò fún ni kí a lọ bá.