Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn Nínú Eré Họ́kì

Nínú eré họ́kì orí yìnyín, ẹni méjì ní í máa ṣọ́ ẹ̀yìn níwájú aṣọ́lé. Wákàtí kan ni eré náà, ṣùgbọ́n ṣàṣà nínú wọn ní í pé ìṣẹ́jú kan lórí pápá kí ó tó jáde wá mí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ẹgbẹ́ Montreal ní Kánádà fi P. K. Subban, ẹni ọdún 27, gba Shea Weber, ẹni ọdún 30, lọ́wọ́ Nashville. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀: àwọn kan ní ara Weber yóò tètè gbó, àwọn mìíràn ní agbára rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ni wọ́n jàre. Weber ṣe balógun Montreal dé àṣekágbá ní 2021. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ẹsẹ̀ àti orúnkún kò jẹ́ kí ó tún ṣeré mọ́ láti ìgbà náà.