Àìsàn Là Ń Wò, A Kì í Wo Ikú: Àgbéyẹ̀wò Àtúnṣe àti Ìpààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Dísẹ̀lì Ọkọ̀ Akẹ́rù ní Kírìkírì

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe lè mọ ìgbà tó yẹ kí a tún ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ọkọ̀ akẹ́rù ṣe àti ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kírìkírì àti agbègbè Àpápá ni a gbé iṣẹ́ náà kà. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ló ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí: kí ni àìsàn ẹ́ńjìnnì náà gan-an, oṣù mélòó ni ohun tí a bá ra tàbí tí a bá tún ṣe yóò fi ṣiṣẹ́, àti ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ yóò fi dúró láìpa owó wọlé.

Ìfáàrà
Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ orúkọ Kírìkírì, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1955 ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n lójú awakọ̀ tírélà àti tánkà, ibi ìgbérù ni Kírìkírì. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ìpamọ́ epo wà, ibẹ̀ ni èbúté ọkọ̀ ojú omi kéékèèké wà, kò sì jìnnà sí èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island tí a ṣí ní ọdún 1977. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù a máa tò láti Máìlì Tú títí dé ẹnu èbúté fún ọjọ́ púpọ̀. Èyí wà lára ohun tó mú kí a gbé ètò ìpe ọkọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ètò, kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021.

Nínú irú ìdúró bẹ́ẹ̀, inú ọkọ̀ ni awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ń sùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ara rẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí. Ọkọ̀ náà di ṣọ́ọ̀bù, ó sì di ilé. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kì í ṣe irin nìkan ló bàjẹ́. Oúnjẹ ilé méjì tàbí mẹ́ta ló dúró. Bí olówó ọkọ̀ bá wá béèrè pé, “Ṣé kí a tún un ṣe ni, àbí kí a ra òmíràn?”, ìdáhùn tí a bá fi ìkánjú fún un lè sọ ọ́ di onígbèsè.

Bí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ṣe ń ṣiṣẹ́
Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni orúkọ ẹ́ńjìnnì yìí ti wá. Ọdún 1897 ni ó fi èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa hàn ní ìlú Augsburg. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bí ti pẹtiróòlù. Pístìnnì ni yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà títí tí ohun tó gba ààyè bí i mẹ́rìndínlógún yóò fi wọ inú ààyè kan ṣoṣo. Ìfúnpọ̀ yìí máa ń mú kí afẹ́fẹ́ náà gbóná kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni nọ́súùlù yóò fọ́n epo sínú rẹ̀, tí epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ohun tí èyí ń kọ́ni ni pé ìfúnpọ̀ ni ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá jáde, ìbáà jẹ́ ríìngì tó ti jẹ, fáàfù tí kò pa dé dáadáa, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó, ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì ló ń fà jáde.

Mímọ àìsàn
Èéfín ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Èéfín dúdú ń fi hàn pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ó lè jẹ́ pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, tàbí pé nọ́súùlù ń da epo dípò kí ó máa fọ́n ọn. Èéfín tó dà bí aró ń fi hàn pé ọ́ìlì ń jó nínú sìlíńdà. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ epo tí kò jó tán tàbí omi tó ń wọlé. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Lẹ́yìn èéfín ni ìwọ̀n. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá lọ sílẹ̀ tí àwọn yòókù sì dúró ṣinṣin, ọ̀ràn ojú kan ni. Bí gbogbo wọn bá lọ sílẹ̀ pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì náà ti gbó. Yóò tún ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn àti èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ tagbáratagbára, ríìngì kò dí sìlíńdà mọ́. Bí a bá gé asẹ́ ọ́ìlì tó ti lò, tí a sì rí ègé irin nínú rẹ̀, bẹ́ríìnì ti ń jẹ.

Ó ṣe pàtàkì kí a wo ohun tí owó rẹ̀ kéré kí a tó dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi. Dísẹ̀lì tí omi wà nínú rẹ̀, rẹdiétọ̀ tó dí, tàbí páńpù omi tí kò ṣiṣẹ́ lè mú kí ẹ́ńjìnnì tó ṣì lágbára dà bí òkú. Àwọn kan tún máa ń yọ tẹmosítáàtì kúrò pé kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. Wọn kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó kì í jó epo tán, ó sì máa ń tètè jẹ. Bákan náà ni títan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lórí ìlà: èédú yóò kó sí nọ́súùlù àti fáàfù lórí.

Ìgbà tí àtúnṣe tọ́
Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé a ó tú palẹ̀ lọ́jọ́ kan. Sílíìfù wà nínú sìlíńdà wọn tí a lè yọ kí a sì fi tuntun sí i, pẹ̀lú pístìnnì àti ríìngì tirẹ̀. A lè ha kíránkì tó ti jẹ ní ìwọ̀n 0.25 tàbí 0.50 mìlímítà, kí a sì fi bẹ́ríìnì tó bá a mu sí i. A lè fá ojú tọ́pù sìlíńdà kí ó tún gún régé. Níwọ̀n ìgbà tí blọ́ọ̀kù bá ṣì dá ṣáká, àìsàn ni gbogbo èyí, kì í ṣe ikú.

Ṣùgbọ́n bí blọ́ọ̀kù bá ti sán, bí ọ̀pá tó gbé pístìnnì bá ti já tó sì ti lu ara blọ́ọ̀kù jáde, tàbí bí a bá ti ha kíránkì dé ibi tí kò sí bẹ́ríìnì tó lè bá a mu mọ́, ikú ti dé nìyẹn. Ìpààrọ̀ ló kù.

Ìṣirò tó wà nídìí ìpinnu
Láàrin àìsàn àti ikú, ọ̀rọ̀ di ti ìṣirò. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí tó tẹ̀ lé e. Kí a sọ pé àtúnṣe yóò gba 2,000,000 náírà, tí ẹ́ńjìnnì yóò sì fi oṣù 20 ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. 100,000 náírà ni oṣù kan. Kí a sọ pé tòkunbọ̀ jẹ́ 5,000,000 náírà, tí yóò sì lo oṣù 40. 125,000 náírà ni oṣù kan. Lójú ẹsẹ̀, àtúnṣe ló dára jù.

Ṣùgbọ́n bí àtúnṣe bá gba ọjọ́ 30, tí ìpààrọ̀ gba ọjọ́ 5, tí ọkọ̀ sì ń pàdánù 30,000 náírà lójúmọ́, a ó fi 900,000 kún àtúnṣe, a ó sì fi 150,000 kún ìpààrọ̀. Àtúnṣe di 145,000 lóṣù, ìpààrọ̀ sì di 128,750. Ìdáhùn ti yí padà. Síbẹ̀, bí tòkunbọ̀ náà bá kú lẹ́yìn oṣù 30 péré, owó rẹ̀ yóò lé ní 171,000 lóṣù, ìdáhùn yóò sì tún yí padà. Èyí fi hàn pé iye owó ọjà nìkan kò tó láti fi ṣe ìpinnu.

Ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò lára tòkunbọ̀
Ẹni tó bá lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ASPAMDA ní ọgbà Trade Fair gbọ́dọ̀ bèèrè pé kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì náà kí òun gbọ́ ọ, kí ó wo àwọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ yí kíránkì rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo kọ̀ǹpútà, kí ó rí i pé kọ̀ǹpútà àti wáyà rẹ̀ bá a wá. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Nítorí náà, kí ó gba ìwé ìrajà, kí ó sì fi ìyípadà náà tó àwọn aláṣẹ ìwé ọkọ̀ létí, kí ọlọ́pàá má baà sọ olóòótọ́ di olè lójú ọ̀nà. Kí ó sì rántí pé ọjà òkèèrè ń tẹ̀ lé dọ́là: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba, nínú oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400.

Ìgúnlẹ̀
Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú ìṣirò, kí ìṣirò sì ṣáájú ìnáwó. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lè lo èéfín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ṣe ń ti ara àmì mọ ìdí. Olùkọ́ ìṣirò lè lo àpẹẹrẹ òkè yìí fún ìpín àti ìfiwéra. Olùkọ́ èdè Yorùbá sì lè rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì láti ṣàkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yóò ra pósí fún ẹni tó ṣì ń mí, tàbí kí ó máa ra oògùn fún òkú.