Èéfín dúdú lójú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́: ṣé nọ́súlù ló kú lóòótọ́?

Ẹni tó bá ti dúró rí nídìí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ní Ògbàgì-Àkókó mọ ìró ẹ́ńjìnnì tó dá ṣáṣá. Tù-tù-tù ni, kì í yára, kì í lọ́ra. Lọ́jọ́ tí ìró yẹn bá ń já, tí èéfín dúdú sì ń rú bíi pé ẹnì kan ń sun táyà, gbólóhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn: "Nọ́súlù ti lọ." Oníẹ̀rọ yóò bá di owó mọ́wọ́, ó di Ìkàrẹ́. Nọ́súlù lè ti lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú èéfín yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì máa ń rú bí eruku bá ti dí fílítà atẹ́gùn rẹ̀, tàbí bí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e bá ti ju agbára rẹ̀ lọ. Fílítà kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ṣí wò.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún un. Ti dísù kò ní. Písítìnnì ló ń fún atẹ́gùn pọ̀ nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, ìgbà náà ni nọ́súlù yóò tu epo sínú iná tí kò hàn yẹn, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Títu epo yìí ló fún Rudolf Diesel, ará Jámánì tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, ní wàhálà. Èyí tó ṣiṣẹ́ fún un ní 1897 ga tó mítà mẹ́ta, atẹ́gùn tí wọ́n ti fún pọ̀ ni ó sì fi ń fẹ́ epo wọlé. Àfìgbà tí ilé iṣẹ́ Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù kékeré lọ́pọ̀ yanturu ní 1927 ni dísù tó rí ọ̀nà wọ inú ọkọ̀ àti ẹ̀rọ abúlé.

Lára irú ẹ̀rọ abúlé bẹ́ẹ̀ ni Lister, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Dursley, ní England, ní 1929. Orúkọ náà wọ̀ wá lára débi pé èyí tí àwọn ará Íńdíà ṣe ní àwòkọ náà, Lister la ń pè é. Oní-sílíńdà kan tó lágbára ẹṣin mẹ́fà máa ń yí nígbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀kan ní yíyí méjì ni nọ́súlù ń tu epo, ìyẹn ìgbà 325 ní ìṣẹ́jú kan, 19,500 ní wákàtí kan. Epo tó ń tu lẹ́ẹ̀kan kò ju bí ẹ̀kán omi lọ.

Ipá tó fi ń tu ú ni ìyanu. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í gbà ju 30 sí 35 lọ lójú gééjì fọkanáísà. Lójú gééjì yẹn náà, nọ́súlù àtijọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1,700, àwọn mìíràn kọjá 3,000. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ìgbàlódé tó ń lo kọ̀ǹpútà lè lé ní 25,000.

Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó ń mí gúlegúle lórí òkè Ọ̀kà rọrùn láti yẹ̀ wò. Mẹkáníìkì á tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, á máa dẹ nọ́ọ̀tì páìpù epo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà tí wọ́n dẹ tiẹ̀ tí ìró kò yí padà, òun ni kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má dán an wò lára ẹ́ńjìnnì oní-kọ̀ǹpútà láé: epo inú páìpù yẹn lè gé ẹran ara.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú nọ́súlù, wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀rọ ìdánwò tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, tó ní gééjì lórí. Ohun mẹ́ta ni ojú ń wá. Ṣé iye tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀ ni ó fi ṣí? Ṣé epo jáde bí ìkùukùu òwúrọ̀ ni, àbí ó ń ṣàn bí ìtọ̀ ọmọdé? Bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ súnmọ́ iye ìṣísílẹ̀, tí wọ́n dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Etí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nọ́súlù àtijọ́ tó ṣì lera máa ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá rọra tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ sí iwájú rẹ̀ o. Epo náà lè gún awọ wọlé, ojú ibẹ̀ kò sì ní ju ibi tí abẹ́rẹ́ gún lọ, kò tilẹ̀ ní dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ọsibítù ló kàn lójú ẹsẹ̀, nítorí wọ́n ti gé ìka ẹni tó fi í ṣeré rí.

Èyí tó kàn ń ṣí ṣáájú àkókò, wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ sípíríǹgì lè tún un ṣe. Èyí tó dọ̀tí, wọ́n lè fọ̀ ọ́ nínú dísù mímọ́, kí wọ́n má fi pépà ìdán ha á. Ìbejì ni abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ àti ara rẹ̀, àlàfo àárín wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí, nítorí náà a kì í mú abẹ́rẹ́ ti ọ̀kan sínú èkejì. Bí ó bá di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n yọ wáṣà bàbà àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n nu ojú ihò mọ́, kí wọ́n sì lé atẹ́gùn kúrò nínú páìpù kí wọ́n tó tan án.

Ẹ má tíì sọ èyí tó kú nù. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú oòrùn. Bí ó bá ti yí àwọ̀ padà sí búlúù, ooru ló jó o. Bí ó bá ní ìlà họ́rọhọ̀rọ, iyanrìn ti kọjá. Bí ó bá sì dípẹtà, omi ni, ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì epo sì ni kí ẹ lọ wò kí ẹ tó ṣí páálí tuntun.